Ẹ̀ṣọ́ Tó Ń Bẹ̀rù Ẹṣin

"Màmá, ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ tún gbé yẹn," ni Rísíkátù wí. "Òsì ni mo ní kí ẹ kọ́kọ́ gbé. Bí ẹ bá fi ọ̀tún gùn ún, ìrù ẹṣin lẹ máa kọjú sí dé ojú ogun."

"Mo gbọ́," ni mo dá a lóhùn, bẹ́ẹ̀ mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọkàn mi nìkan ni mo ń gbọ́, tó ń lù kì-kì-kì lábẹ́ ẹ̀wù òwú tí wọ́n gbé wọ̀ mí láti àárọ̀. Ẹ̀wù náà nípọn, ó wúwo, ó sì ń yún mi lọ́rùn. Ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Ní ọrùn-ọwọ́ òsì, ẹ̀gbà Ilé Òǹtẹ̀ ń tan iná pupa, ó fún mọ́ mi pinpin, ó ń ka ẹ̀jẹ̀ mi bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Ìyàwó ni orúkọ ẹṣin tó wà níwájú mi. Abo ẹṣin pupa ni, ó ga débi pé èjìká rẹ̀ ga ju orí mi lọ. Ó yí ojú ńlá kan sí mi, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó wá mí fúù sí mi lójú. Mo fò sẹ́yìn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀kọ̀ gún ara mi.

"Ẹ kú ìgbìyànjú, Mà," ni ohùn kan wí láti orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní àárín ọgbà. "Ìlùkìkì ọkàn: mẹ́rìndínlógóje. Ohun tí ìwé wí: ọkàn Málọmọ́ tutù bí omi inú àmù. Ara àti ìwé kò bára mu. Ẹ kú iṣẹ́, Mà."

Ẹlẹ́rìí nìyẹn. Ẹ̀rọ ni, kò tóbi ju ago ìmumi lọ, ojú kan ṣoṣo ló ní, ojú yẹn kì í sì í ṣẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú jù nípa rẹ̀ ni ìkíni rẹ̀. Bó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi ká mọ̀. Ṣùgbọ́n á kùn ọ́ ní "Mà" níwájú, á kùn ọ́ ní "Mà" lẹ́yìn, á sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ lójú.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣíjúwadé jókòó lábẹ́ igi mọ́ńgòrò, ó gbé ìwé tí mo kọ nípa Málọmọ́ jagunjagun lé itan. Òun ni òṣìṣẹ́ tí Ilé Òǹtẹ̀ rán wá sí Ìgbòho láti Ìbàdàn láti wá ṣe ìdánwò mi. Ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì ń di ìwé náà mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun, nítorí kì í rí bébà gidi lójoojúmọ́. Ojú ewé irínwó ó lé méjìlá ni. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀, ó sì gbà mí ní ọdún mọ́kàndínlógún.

"Màmá, ẹ fara balẹ̀," ni Ṣíjúwadé wí. "Aago méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Títí di aago mẹ́rin ni ẹ̀gbà yẹn máa fi tàn."

"Bó bá di aago mẹ́rin tí mi ò tíì gun ẹranko yìí ńkọ́?"

"Ẹ ti mọ̀, Mà."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni."

Ó wolẹ̀. "Ìdánwò kẹta nìyí. Kò sí ìkẹrin. Bí ara àti ìwé ò bá bára mu lónìí, ìwé á lọ sí Adágún."

Rísíkátù tó di ìjánu mú bú sẹ́rìn-ín. Òun ló ń tọ́jú ẹṣin mẹ́rìnlá tó kù ní gbogbo agbègbè wa láti ìgbà tí àrùn ẹran ti kó ìyókù lọ. Obìnrin ogójì ọdún ni, ẹnu rẹ̀ ò sinmi, bẹ́ẹ̀ ló sì ń rùn bí ìgbẹ́ ẹṣin láti ọ̀nà jíjìn.

"Ìtàn Adágún náà dùn o," ó wí. "Lánàá, mo sọ fún ẹ̀rọ ara ògiri pé kó sọ ìtàn ológun ẹlẹ́ṣin kan fún mi bí mo ṣe ń gbá ìgbẹ́ ẹṣin. Ó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ogun ń jà, obìnrin ń sunkún, ó dùn. Kí n tó gbá ìgbẹ́ tán, mo ti gbàgbé orúkọ ọkùnrin náà."

"Ta ló kọ ọ́?" ni mo bi í.

"Hàà, Màmá. Ta ló máa mọ̀?"

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá da Málọmọ́ mi sínú Adágún tí àwọn ẹ̀rọ ti ń bu ìtàn, wọ́n á tú u sí wẹ́wẹ́. Orí rẹ̀ á lọ sára ológun kan, ẹṣin rẹ̀ á lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Lọ́la, ẹnì kan á jókòó sílé ní Èkó, á ní kí ògiri sọ ìtàn fún òun, ìdajì gbólóhùn tí mo fi oṣù mẹ́ta wá á sì jáde lẹ́nu ògiri náà wẹ́rẹ́. Kò ní mọ̀ pé obìnrin kan wà láyé tó ń jẹ́ Ìbídùn Àjíbọ́yè. Èmi gan-an ò ní lè fi ìka kan ibì kan kí n ní tèmi nìyí.

Nítorí ìyẹn ni gbogbo wa ṣe ń forí ṣe fọrùn ṣe nítorí òǹtẹ̀. Ìwé tó bá ní àmì àtẹ́lẹwọ́ lára, ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín, ẹ̀rọ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn ènìyàn ń dúró de irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pé jọ kà á. Ṣùgbọ́n òfin ní kí ẹni tó bá fẹ́ òǹtẹ̀ kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣe ohun tó kọ. Ẹlẹ́rìí ló ń mú ibi tó bá wù ú nínú ìwé, ìwọ á sì ṣe é lójú rẹ̀.

Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, ó mú ibi tí Málọmọ́ ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kó tó lọ sógun. Ní ọjọ́ kejì, mo yọ́ jẹ àkàrà méjì. Ẹ̀gbà dárúkọ àkàrà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ìkejì, ó mú ibi tó ti gbé ọ̀kọ̀ sọ́wọ́ láti òwúrọ̀ dọ́sàn-án. Mo gbé e! Apá mi fẹ́ já, mo gbé e. Ṣùgbọ́n mo ti lọ kọ ọ́ pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe gbé e. Ẹlẹ́rìí ní, "Ẹ kú ìnira, Mà. A kò rí ẹ̀rín."

Ó wá ku ìkẹta. Nínú gbogbo irínwó ojú ewé, ojú ewé kìn-ín-ní gan-an ló mú, níbi tí Málọmọ́, ọ̀kan nínú àádọ́rin Ẹ̀ṣọ́ Aláàfin nígbà tí Aláàfin ṣì fi Ìgbòho ṣe ilé, ti fò gun ẹṣin láì fọwọ́ kan gàárì, tí ọkàn rẹ̀ sì tutù bí omi inú àmù.

"Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí," ni mo sọ fún Ẹlẹ́rìí. "Ṣé o fẹ́ kí n fò gun ẹṣin ni?"

"Nítorí ọjọ́ orí yín, Mà, òfin fàyè gba àpótí ìtìsẹ̀, irin ìtẹsẹ̀bọ̀, àti ọwọ́ lórí gàárì. Ti ara ni òfin ń dín kù fún àgbà. Òfin kì í dín ti ọkàn kù."

Mo kọ ẹ̀yìn sí i. Rísíkátù gbé àpótí sún mọ́ mi. Mo gun àpótí, mo ti ẹsẹ̀ òsì bọ irin, mo di gàárì mú, mo pe gbogbo ẹni tó yẹ kí n pè, mo gbé ara sókè. Ìyàwó sún ìṣísẹ̀ kan péré. Ìṣísẹ̀ kan! Mo wà ní ìdábùú lórí gàárì, ikùn mi lórí ẹ̀yìn ẹṣin, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ń wá ilẹ̀ káàkiri, ọ̀kọ̀ ti já bọ́. Mo ń pariwo pé "Ẹ gbà mí o!" Nígbà tí mo máa rí ara mi, mo ti wà nílẹ̀ nínú koríko, mi ò sì fẹ́ sọ ohun mìíràn tó wà nínú koríko náà.

Ṣíjúwadé sáré wá. "Màmá, ṣé kò ṣe yín ní nǹkan kan?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mà," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ìlùkìkì ọkàn: mọ́kàndínlọ́gọ́jọ."

"Bo ẹnu nǹkan yẹn fún mi," ni mo pariwo, "tàbí kí n fi bàtà bò ó!"

Rísíkátù fà mí dìde, ó ní kí n wá fọ ojú níbi ọpọ́n omi ẹṣin lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ tutù díẹ̀, ògiri ilé sì dí ojú Ẹlẹ́rìí. Mo bu omi sí ojú, mo bu sí orí. Rísíkátù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú hóró oògùn kan jáde. Hóró kékeré funfun ni.

"Ẹ mì ín," ó wí ní ohùn ìsàlẹ̀. "Tó bá tó ìdajì wákàtí, ọkàn yín á rọ̀ wọ́ọ́."

"Kí ni?"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àgbà ni yín, àwọn àgbà ń lò ó, kò sí nínú ohun tí òfin kà léèwọ̀. Màmá, gbogbo wọn ló ń lò ó! Ọkùnrin tó wá síbí lọ́dún tó kọjá, èyí tó kọ ìtàn jagunjagun Bìní, méjì ló mì. Ẹṣin ń fò lábẹ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò mì. Ó gba òǹtẹ̀, wọ́n gbé e jó níbí yìí."

Ẹ má rò pé mo kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mi ò purọ́ fún yín. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi sórí ahọ́n. Ó korò. Mo ní lọ́kàn mi pé, Ìbídùn, ọdún mọ́kàndínlógún! Hóró kan péré, bàbá rẹ á sì jí nínú ìwé.

Nítorí ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti gba Málọmọ́. Baba ńlá wa ni. Bí bàbá mi bá ti jí, pẹ̀lú pákò lẹ́nu, á dúró lójú ọ̀nà àbájáde, á máa ki Málọmọ́: a-fò-gẹṣin-má-kan-gàárì, ọkàn tútù nílé, ọkàn tútù lójú ogun. Ilé wa kéré, iṣẹ́ bàbá mi ò dára, ara rẹ̀ ò sì le. Ṣùgbọ́n bó bá ti ki oríkì yẹn tán, á na ẹ̀yìn rẹ̀ ró, á jáde lọ bí ẹni tó ní ẹṣin ní ìta. Mo ṣe ìlérí fún un kó tó kú pé màá kọ Málọmọ́ sílẹ̀. Ṣé èmi ló máa wá kọ ọ́ bí ojo?

Omi ẹnu ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ oògùn náà. Mi ò tíì mì ín. Mo bi Rísíkátù pé, "Ìwọ tó ń gùn wọ́n lójoojúmọ́, ṣé ọkàn tìẹ ń ṣe wọ́ọ́?"

"Tèmi kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ìka méjì ni kò sí níbẹ̀. "Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mi ò bẹ̀rù wọn nìyí. Mo ń rìn láàárín wọn bí ẹni ń rìn nínú yàrá ara mi. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n tẹ̀ mí. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀rù ni mo fi ń jẹun."

Ìyàwó ti tẹ̀lé wa dé ibi omi, ó ń mu ún. Rísíkátù gbá ọwọ́ mi mú, kò sì tọrọ àyè, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ ara ẹṣin náà lábẹ́, ní ẹ̀yìn apá iwájú. Ara rẹ̀ gbóná. Nǹkan ń lù nínú ibẹ̀, ó ń lù kíákíá.

"Ọkàn rẹ̀ nìyẹn," ni Rísíkátù wí. "Bó bá wà ní ìrọ̀rùn, ẹ lè ka méjì kó tó lu ẹyọ kan. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sáré. Ẹ̀yin lẹ ń bà á lẹ́rù láti àárọ̀. Aṣọ yín rí wúruwùru, ẹ gbé irin lọ́wọ́, ẹ ń mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀. Kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi òun ṣe."

Mo dúró síbẹ̀. Ọkàn mi ń lù nínú ọwọ́ mi, ti ẹṣin ń lù lábẹ́ rẹ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi mọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn? Mo rántí pé àbíkú ni Málọmọ́. Ìyá rẹ̀ ti sin mẹ́ta kó tó bí i, ló ṣe sọ ọ́ ní orúkọ yẹn, tó fi ń bẹ̀ ẹ́ kó má tún lọ mọ́. Gbogbo èyí wà nínú ìwé mi ní ojú ewé kẹfà, mo kọ ọ́ dáadáa. Ọmọ tí wọ́n bẹ̀ títí tó fi dúró láyé, òun ni wọ́n gbé sórí ẹṣin tí wọ́n ní kó máa lọ síbi tí wọ́n ti ń pa ènìyàn. Èmi ìyá àgbà yìí wá jókòó sílé, mo kọ ọ́ pé ọkàn rẹ̀ tutù!

Oríkì ló tàn mí. Oríkì ò purọ́ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Iṣẹ́ oríkì ni láti na ẹ̀yìn ènìyàn ró ní àárọ̀, bó ṣe ṣe fún bàbá mi. Ta ló ń ki ènìyàn pé ó bẹ̀rù? Ṣùgbọ́n èmi mú ohun tí wọ́n fi ń gbé ènìyàn dìde, mo sọ ọ́ di ẹ̀rí bí ayé ènìyàn ṣe rí. Àwa ọmọ ilé tí wọ́n ti ń ki ènìyàn láàárọ̀ nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yìí. Ẹni tí wọn ò kì rí ì bá ti bi ara rẹ̀ léèrè tipẹ́.

Mo tu oògùn náà sílẹ̀. Rísíkátù yára fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí Ìyàwó má bàa lá a.

"Màmá! Ẹyọ kan tó kù nìyẹn o!"

"Má bínú," ni mo wí, mo sì jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Mo sunkún fún bàbá mi, mi ò mọ̀ bóyá inú rẹ̀ á dùn sí ohun tí mo fẹ́ ṣe. Nígbà tí mo sunkún tán, mo fi apá ẹ̀wù ogun nu imú. Aago mẹ́ta ti kọjá.

Mo padà sábẹ́ igi mọ́ńgòrò. "Ọ̀gá Ṣíjúwadé, fún mi ní ojú ewé kìn-ín-ní. Yá mi ní bírò."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Màmá, òfin fàyè gbà á pé kí ẹ tún un kọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá ti fi ọwọ́ pa rẹ́ lójú Ẹlẹ́rìí, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Àti pé àwọn ojú ewé tó kù..."

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Orí eléyìí ni gbogbo wọn dúró lé, Mà."

"Fún mi ní bírò, Ṣíjúwadé."

Ó fún mi. Mo fa ìlà kọjá lára gbogbo ojú ewé náà, láti òkè délẹ̀. Ó dùn mí bí ẹni fa eyín. Mo yí ẹ̀yìn bébà náà padà, mo gbé e lé orí ìtẹ́dìí gàárì kan, mo sì kọ ọ́ báyìí:

"Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gbéra, Málọmọ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin rẹ̀, kò lè gùn ún. Ọkàn rẹ̀ ń sáré. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹṣin náà lábẹ́ apá, ó rí i pé tirẹ̀ náà ń sáré. Ó bi í pé, 'Ṣé ìwọ náà?' Ó gun àpótí, ó di gàárì mú gírígírí, ó gbé ara sókè. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ yòókù ń wò ó, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí èyí tí kò di gàárì tirẹ̀ mú nínú wọn."

Ṣíjúwadé kà á. Ó gbé e sí iwájú ojú Ẹlẹ́rìí, ẹ̀rọ náà kà á pẹ̀lú. Ó ní, "A ti gbà á wọlé, Mà. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀."

Mo lọ bá Ìyàwó. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ gbé ọ̀kọ̀ fún Rísíkátù kí ẹṣin náà lè rí ọwọ́ mi. Mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ọn lábẹ́ apá. Mo bi í pé, "Ṣé ìwọ náà?" Etí rẹ̀ yí sí mi. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lórí àpótí náà tó bẹ́ẹ̀ tí àpótí fi ń dún. Ẹsẹ̀ òsì, mo ní òsì! Mo ti òsì bọ irin, mo di gàárì mú bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ, mo ké "Yéè!" mo sì gbé ọ̀tún kọjá.

Mo wà lókè.

Ẹ̀yin ará mi, mo wà lókè! Ilẹ̀ jìnnà. Mo rí òkè òrùlé àwọn ilé Ìgbòho, mo rí pátákó oòrùn tó ń dán lórí wọn, mo rí ibi tí odi àtijọ́ ti di òkìtì tí koríko bò. Ìyàwó mì lábẹ́ mi, ó mí kanlẹ̀, ó dúró. Ẹ̀rù ń bà mí débi pé eyín mi ń lu ara wọn, inú mi sì dùn, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan méjèèjì lè wà nínú ara kan náà.

"Ìlùkìkì ọkàn: mọ́kàndínláàádọ́jọ," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ohun tí ìwé wí: ọkàn rẹ̀ ń sáré. Ara àti ìwé bára mu. Ẹ kú oríire, Mà."

Ẹ̀gbà ọwọ́ mi yí láti pupa sí àwọ̀ ewé. Rísíkátù hó yèè, àwọn ẹṣin yòókù nínú ilé dá a lóhùn. Ṣíjúwadé sáré gbé yíǹkì wá. Mi ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀, ni mo bá tẹ̀ wálẹ̀ láti orí ẹṣin, mo ti ọwọ́ bọ yíǹkì, mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ ojú ewé náà. Àmì náà bà jẹ́ díẹ̀ létí. Ọwọ́ mi ni, kò sí ẹni tó lè ní tòun ni.

Mo rí i pé Ṣíjúwadé ò rẹ́rìn-ín tó bó ṣe yẹ.

"Sọ ọ́," ni mo wí.

"Màmá, ojú ewé kan ni ẹ gbà." Ó gbé ìyókù ìwé náà sókè, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e. "Ẹni tó ń bẹ̀rù ní ojú ewé kìn-ín-ní, kò lè jẹ́ ẹni tó wà nínú ìwọ̀nyí. Ní ojú ewé kejì ó ti ń kọrin. Ní ìkẹsàn-án ó ń fi ikú ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹlẹ́rìí ò ní gbà wọ́n mọ́. Ẹ máa tún gbogbo rẹ̀ kọ ni, kí ẹ sì tún un ṣe, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Adágún ńkọ́?"

"Adágún ò lè fọwọ́ kàn án mọ́, Mà. Ìwé tí àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo bá ti wà nínú rẹ̀ ti di ti ẹni tó ni ín títí ayé. Kò sí gbèdéke. Ìgbàkigbà tí ẹ bá pè wá la máa wá." Ó wò mí bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ má bínú, Mà. Mo gbìyànjú láti sọ fún yín."

Ó yẹ kí n bínú. Ẹ ti mọ̀ mí títí débí, ẹ mọ̀ pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń bínú. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ojú ewé irínwó ó lé mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ di bébà tí wọ́n lè fi koná. Mo dúró kí ìbínú náà dé. Kò dé. Ní gbogbo ọdún mọ́kàndínlógún yẹn, mi ò rí ojú Málọmọ́ rí. Àwọn ọ̀rọ̀ tó dára nípa rẹ̀ ni mo ń rí. Lónìí, fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo rí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ń làágùn létè òkè, aṣọ ogun rẹ̀ sì ń yún un lọ́rùn.

"Ó tó, Màmá," ni Rísíkátù wí, ó na ọwọ́ sí mi. "Ẹ jẹ́ kí n sọ̀ yín kalẹ̀, kí n tú gàárì."

"Má tú u," ni mo wí. Ẹ̀gbà náà ṣì ń tàn. "Ṣíjúwadé, ka ìbẹ̀rẹ̀ ojú ewé kejì sí mi létí."

Ó ṣí i. "'Málọmọ́ fi kẹ́sẹ́ ta ẹṣin rẹ̀, ó ń kọrin, ó sì kọjá ní ẹnubodè láì wẹ̀yìn.'"

"Irọ́ ni," ni mo wí. "Pa á rẹ́. Ó wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ dúró níbẹ̀."

Mo fa ìjánu díẹ̀, bí Rísíkátù ṣe kọ́ mi. Ìyàwó yí sí ọ̀nà ẹnubodè, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó tún gbé òmíràn, àwa méjèèjì ń gbọ̀n. Nígbà tí a dé ẹnubodè, mo di gàárì mú, mo sì wẹ̀yìn wò.